Ẹ Má Pe Atúpalẹ̀ ní Apanirun

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan nínú yín, tó ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ báyìí, fi ìwé olójú-ewé mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó dá lórí iṣẹ́ tí àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń tú purotéènì ń ṣe nínú ìdàgbàsókè aràn kékeré kan tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Caenorhabditis elegans. Ó ní kí n bá òun wo èdè rẹ̀. Ó wá fi nǹkan kan kún un tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní nígbà tí òun dán ẹ̀kọ́ yìí wò ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: "Mà, bí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí bá ń ba nǹkan jẹ́ nínú ara, kí ló dé tí wọn ò fún wa lóògùn tí a ó fi pa wọ́n?"

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí. Olùkọ́ náà ti yọ̀ǹda pé kí n ṣe é ní gbangba, torí ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín ná, torí ó tọ́ sí i. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì já gaara. Kì í ṣe irú Yorùbá tí èèyàn gbọ́dọ̀ tú padà sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó yé e. Àmì ohùn rẹ̀ pé, èyí tí púpọ̀ nínú yín kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni orúkọ tó fún àwọn nǹkan. Àwọn ẹ́ńsáìmù náà, "apanirun" ló pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn, "ìbàjẹ́ purotéènì." Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, "ààtàn." Ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sàmì sí purotéènì tó kàn, "àmì ikú." Ó jogún gbogbo rẹ̀ ni, kò dá a dá. Bí ẹ bá ka àwọn àlàyé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún gbogbo ènìyàn, ẹ ó rí ìfẹnukò ikú níbẹ̀, ẹ ó rí agbọ̀n ìdalẹ̀nù, ẹ ó rí abẹ́nilórí. Ṣùgbọ́n ogún tí a kò yẹ̀ wò kí a tó pín in, ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé tí ọmọ yìí ti wá.

Aràn yìí kò gùn ju bíi mìlímítà kan lọ. Inú ilẹ̀ àti ara ohun tó ń jẹrà, bí èso tó ti jábọ́, ló ń gbé, bakitéríà ló sì ń jẹ. Láti inú ẹyin títí tó fi dàgbà, bí ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Sydney Brenner, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ló yàn án láàyò láàárín àwọn ọdún 1960, tó sì tẹ àkọsílẹ̀ ńlá jáde lórí àwọn jíìnì rẹ̀ ní 1974. Nítorí pé ara aràn náà mọ́ gaara bíi gíláàsì, John Sulston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti maikirosíkóòpù, wọ́n ń fojú tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n bí i. Nínú irú aràn tó ní ẹyin tó tún ní àtọ̀, sẹ́ẹ̀lì ara tí wọ́n ń bí jẹ́ 1,090. Nínú wọn, 131 á kú. Èyí tó máa kù nígbà tó bá dàgbà jẹ́ 959. Brenner, Sulston àti Robert Horvitz ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002 lórí iṣẹ́ yìí.

Ẹ tún iye yẹn kà. Kò sọ pé "nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan." Ara tó lè ka sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, ṣé ó máa wá fi apanirun sílẹ̀ kó máa rìn kiri nínú ilé?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Kí ẹyin aràn yìí tó di ọlẹ̀, ó ní láti pín kúrómósómù inú rẹ̀, kó ti apá kan jù síta. Àwọn okùn tín-ín-tín kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fa kúrómósómù sọ́tùn-ún sósì. Nígbà ìpín ti ẹyin yìí, ohun tí wọ́n fi okùn náà hun gbọ́dọ̀ kéré. Purotéènì kan tó ń jẹ́ MEI-1 wà lára àwọn tó ń gé okùn náà kúrú kó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí tí wọ́n ń pè ní katanin ló ti wá, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan ń lò fún idà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn wolé dáadáa. Idà ni lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá lẹ́yìn tí àtọ̀ bá wọ inú ẹyin, kò ju bíi wákàtí kan lọ, tí ọlẹ̀ náà á fi pín ara rẹ̀ sí méjì fún ìgbà àkọ́kọ́. Okùn gígùn ló nílò báyìí. Bí idà bá ṣì wà nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń na okùn náà ni yóò máa gé e. Ìdí nìyẹn tí purotéènì kejì, MEL-26, fi máa ń di MEI-1 mú. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ CUL-3 á lu òǹtẹ̀ fún un, wọ́n á sì tú u palẹ̀. Ọdún 2003 ni àwọn olùwádìí tẹ àlàyé ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ yìí jáde. Bí MEL-26 kò bá ṣiṣẹ́, idà á ṣì wà níbi tí kò yẹ kó wà, ìpín àkọ́kọ́ á dàrú, ọlẹ̀ á kú. Idà kan náà tó ṣe iṣẹ́ ìyè láàárọ̀ ló pààyàn lọ́sàn-án, torí pé kò sẹ́ni tó kó o kúrò nílẹ̀.

Ta wá ni apanirun níbí? Ṣé ẹni tó kó idà kúrò nílẹ̀ ni?

Ẹ wo àwọn bírìkìlà nígbà tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn. Káfíńtà ló máa kọ́kọ́ to pákó. Wọ́n á da kọ́ńkéré lé e lórí, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, káfíńtà á sì padà wá tú pákó rẹ̀. Bó bá tètè tú u, dẹ́kìn á wó. Bí kò bá tú u, ilé kò ní ṣeé gbé. Mi ò tíì gbọ́ kí onílé sọ pé káfíńtà bá òun ba ilé jẹ́ torí pé ó tú pákó. Ẹ sì kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́: wọ́n ń tú u ni. Àwọn tí kò ka ìwé kankan nípa èdè-ìperí ti mú ọ̀rọ̀ tó yẹ ṣáájú àwa ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ àsìkò nìkan kọ́, ọ̀rọ̀ ibi tún wà níbẹ̀. Aràn yìí ní purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní PIE-1. Inú sẹ́ẹ̀lì tí ìran rẹ̀ máa di ẹyin àti àtọ̀ ló ń gbé, níbẹ̀ ló ti ń pa àwọn jíìnì tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di ẹran ara lẹ́nu mọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá pín, ọmọ kan á tẹ̀ lé ọ̀nà ìyá rẹ̀, ọmọ kejì á lọ di ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú PIE-1 á bá ọmọ àkọ́kọ́ lọ. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ ọmọ kejì, purotéènì kan tó ń jẹ́ ZIF-1 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á mú un, wọ́n á tú u. Purotéènì kan náà ni o. Wọ́n tú u ní yàrá kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní yàrá kejì. Iná tó ń jó ilé kì í yan yàrá. Ohun tó bá ń yan yàrá, ẹ má pè é ní iná.

Báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ èyí tó kàn? Ibí ni "àmì ikú" ti wọlé. Purotéènì kékeré kan ń bẹ tó ń jẹ́ ubiquitin, amino acid 76 péré ni gbogbo gígùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "níbi gbogbo" ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, torí ibi gbogbo ni wọ́n ń bá a. Oríṣi ẹ́ńsáìmù mẹ́ta ló ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀kẹta ló mọ ẹni tí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára, CUL-3 àti MEL-26 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lára irú ẹ̀kẹta yìí. Wọ́n á lẹ ọ̀kan, wọ́n á so òmíràn mọ́ ọn, títí tó fi máa gùn bí ẹ̀wọ̀n. Nígbà náà ni ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní proteasome á fa purotéènì náà wọlé, á tú u nínà, á sì gé e sí wẹ́wẹ́. Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ kẹ́míkà ní 2004 torí pé àwọn ló tú àṣírí òǹtẹ̀ yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi fi òǹtẹ̀ náà wé ọ̀dà pupa tí ìjọba fi ń kọ X sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Àfiwé tó lágbára ni, ọmọ Èkó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ba èmi gan-an nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ó ṣìnà lọ́nà méjì.

Àkọ́kọ́, ilé tí wọ́n bá wó, onílé kì í rí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gbà padà lọ́jọ́ kejì láti fi kọ́ òmíràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń ṣí òǹtẹ̀ náà kúrò, wọ́n á sì tún un lò. Wẹ́wẹ́ tó jáde, wọ́n á tún un gé títí á fi di amino acid lẹ́yọ lẹ́yọ, ìyẹn ni wọ́n á sì fi kọ́ purotéènì tuntun. Ohun tó bá dé ààtàn, ó ti parí. Ohun tó bá dé ibi tí a ń wí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di nǹkan mìíràn ni.

Èkejì ni èyí tó dùn mọ́ èmi onímọ̀ èdè jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni ubiquitin ń sọ. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà so ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá so ó báyìí, ó túmọ̀ sí "ẹ tú u." Bí wọ́n bá so ó lọ́nà mìíràn, ó lè jẹ́ ìpè fún àwọn tó ń tún DNA tó já ṣe. Ẹ̀yin náà mọ irú èyí. Ẹ kọ ọ-k-ọ sílẹ̀ láìsí àmì: ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́ tí a fi ń roko, àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun? Ẹni tó bá ní "àmì ikú" ni ubiquitin dà bí ẹni tó ní ogun nìkan ni àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn mọ̀ ọ́n sọ. Òǹtẹ̀ ni kí ẹ pè é. Òǹtẹ̀ kì í sọ ìdájọ́ tán kí a tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, ká bọ́ síta ara aràn náà. Ó máa ń bọ́ awọ nígbà mẹ́rin kó tó dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe ń ṣe, títí kan àwọn aràn tó ń gbé inú ikùn ọmọ wa, àti sòbìà tó fìyà jẹ àwọn ará abúlé wa títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ NAS-37 wà lára àwọn tó ń bá a ṣí awọ àtijọ́. Aràn tí jíìnì yìí kò bá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í rí awọ náà bọ́ tán, á há mọ́ ọn lára. "Ẹ́ńsáìmù tó ń ba awọ jẹ́" ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ. Ejò tó bọ́ awọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ta ló rí i rí tó ní wọ́n ba ejò jẹ́? Atúdè ni ẹ́ńsáìmù yẹn.

Ẹ dúró ná o. Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi oyin pa ọ̀rọ̀ lára. A ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì 131 ń kú. Jíìnì kan tó ń jẹ́ ced-3 ló ṣe kókó nínú ikú náà. Ní 1993, àwọn tó ń bá Horvitz ṣiṣẹ́ ní MIT fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì ni jíìnì yìí ń ṣe, pé ó sì jọ ọ̀kan tó wà nínú ara ènìyàn. Kì í tú purotéènì palẹ̀ pátápátá bí proteasome ṣe ń ṣe. Ó máa ń yan purotéènì kan, ó máa ń gé e níbi kan pàtó, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì náà á sún kì, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì gbé e mì. Nítorí náà, ojú kan kọ́ ni òun àti MEL-26 wà, kò sì yẹ kí a fi orúkọ kan pè wọ́n. Ẹ pe èyí ní agé.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì yẹn, ikú ló kú. Mo mọ àwọn kan nínú yín tí wọ́n á fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ọba ló ń wàjà, sẹ́ẹ̀lì kì í wàjà. Ẹ jẹ́ kó kú.

Níbí náà ni àṣìṣe tó kọjá ti orúkọ wà. Lójú-ewé kẹrin, olùkọ́ wa sọ pé bí ikú yìí kò bá wáyé, aràn náà "yóò di abàmì." Kò rí bẹ́ẹ̀. Aràn tí ced-3 rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ á ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ti kú ní àfikún, á sì máa gbé ayé rẹ̀ lọ nínú àwo. Bí ẹ kò bá fi maikirosíkóòpù wò ó dáadáa, ẹ lè má mọ̀. Mo mọ ohun tó fa àsọdùn yìí. Nígbà tí a bá ti pe nǹkan ní apanirun, ojú á tì wá, a ó sì máa wá àwáwí ńlá fún un: pé bí kò bá sí, ayé á parẹ́. Orúkọ burúkú ló ń bí àsọdùn. Bí a bá ti pè é ní agé láti ìbẹ̀rẹ̀, à bá lè sọ bó ṣe rí: níbi kan ó ṣe pàtàkì débi pé ọlẹ̀ á kú láìsí i, níbòmíràn aràn á máa rìn lọ láìsí i.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn onísáyẹ́ǹsì fúnra wọn jẹ̀bi nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àṣà kan tó ń da olùtumọ̀ láàmú. Ohun tó bá bàjẹ́ nígbà tí jíìnì kan kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń sọ jíìnì náà lórúkọ. Ìkékúrú fún ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ọmọ á kú nítorí àléébù láti ọ̀dọ̀ ìyá ni "mel," bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ MEL-26 gan-an ni pé kí ọmọ má kú. Ó dà bí ìgbà tí a bá pe ọdẹ àdúgbò ní Olèwọlé, torí pé olè wọlé lọ́jọ́ tí kò wá síṣẹ́. Àwọn tó ń lo àṣà náà ní ìdí: àléébù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí, ọdún púpọ̀ lè kọjá kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ jíìnì. Láàárín ara wọn, kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Nígbà tí orúkọ bá kúrò ní yàrá ìwádìí tó bọ́ sí kíláàsì, a gbọ́dọ̀ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Mo ti dé ibi tó kàn mí báyìí.

Nígbà tí mo fún un ní èsì pé "bà jẹ́" kò dára, pé "tú palẹ̀" ló yẹ, kò bá mi jiyàn. Ó kàn fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ìwé ìdánwò rẹ̀ ni, láti kíláàsì ìtumọ̀ èdè tí mo kọ́ wọn. Mo fún wọn ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́jọ́ náà nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran àti ẹ̀wà nínú ikùn. Ó kọ ọ́ pé ẹ́ńsáìmù "ń tú u palẹ̀." Báírò pupa fa ìlà lé e lórí, ó kọ "ń bà á jẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gba máàkì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

Mo rántí ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. "Àtúpalẹ̀" ni a ń lò fún iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí gbólóhùn àti lórí ewì, mi ò sì fẹ́ kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun bá a pín orúkọ. Ìgbéraga ni, kò ní orúkọ mìíràn. Kí la máa ń ṣe fún gbólóhùn tí a bá ń tú u palẹ̀? A ń yọ ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń wo ibi tí wọ́n ti so mọ́ra, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ṣeé fi kọ́ gbólóhùn mìíràn. Iṣẹ́ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ di irun tuntun ṣe ní láti tú ti àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe onídìrí tó ń tú irun ní apanirun.

Ohun tó tún yẹ kí n ti rí nìyí, torí ìyá mi tí kò lọ sílé ìwé mọ̀ ọ́n. Yorùbá kì í sọ pé oúnjẹ bà jẹ́ nínú ikùn. A ń sọ pé oúnjẹ dà. Oúnjẹ tó bà jẹ́ ni a ń gbé jù sí ààtàn. Oúnjẹ tó dà ló ń di ẹ̀jẹ̀ àti okun. Èdè wa ti pààlà sáàárín méjèèjì tipẹ́tipẹ́, èmi ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi báírò pupa pa ààlà náà rẹ́. Àní nínú ẹyin aràn tí a ń wí yìí, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ CPL-1 ló ń bá ọlẹ̀ ṣètò oúnjẹ tí ìyá dì sínú ẹyin. Bí kò bá sí i, ọlẹ̀ kì í yè. Oúnjẹ wà nílẹ̀ o, kò kàn rí ẹni bá a lọ́wọ́ kó lè dà ni.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí a kò kúkú lo "dà" fún gbogbo rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó dára ni fún ikùn àti fún ẹyin. Àmọ́ idà MEI-1 kì í ṣe oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kókó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé kó kúrò nílẹ̀ lásìkò. "Dà" kò gbé ìyẹn, "tú palẹ̀" gbé e.

Ó yá, ọmọ tó nawọ́ ní kíláàsì. Ìbéèrè rẹ̀ dára, orúkọ tí a fún un ló tì í síbẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ pé apanirun wà nínú ara òun, oògùn ló yẹ kó bèèrè. Kí olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé oògùn náà wà. Ọ̀kan ń jẹ́ bortezomib, ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2003 fún irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú mùdùnmúdùn egungun. Ó ń dí proteasome lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yẹn ń kọ́ purotéènì púpọ̀ púpọ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí títú bá dúró, òun ni ẹrù kọ́kọ́ ń wó pa. Ìdí tí oògùn yẹn fi ń ṣiṣẹ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì tí kò lè tú nǹkan kò lè wà láàyè. Kódà, ó lè ṣe iṣan aláìsàn léṣe, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú tipiri, torí sẹ́ẹ̀lì tó dára náà nílò ẹni tí yóò máa bá a tú nǹkan. Nítorí náà, ọmọ mi, bí a bá fún ìwọ tí ara rẹ le ní oògùn láti pa gbogbo wọn, ara rẹ gan-an la fẹ́ pa.

Ẹ ronú sí èyí náà: lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan á jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n fẹ́ fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, Yorùbá ló sì máa fi ṣàlàyé fún un. Bó bá sọ pé "oògùn yìí ń dá apanirun inú ara yín dúró," inú ìyá á dùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí kú tipiri, kò ní mọ̀ pé oògùn ni, á sì dákẹ́, kò ní sọ fún dókítà. Ibi tí iṣẹ́ àwa olùtumọ̀ máa ń já sí nìyẹn, lára ẹlòmíràn.

Àbá mi fún ìwé olójú-ewé mẹ́fà náà kò pọ̀. Ẹ̀rọ ńlá inú sẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, atúpalẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì níbi kan pàtó, agé. Èyí tó ń bá aràn bọ́ awọ, atúdè. Ubiquitin, òǹtẹ̀. Kí "bà jẹ́" máa wà fún jíìnì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, torí níbẹ̀ ló ti jẹ́ òótọ́. Kí ó yọ "abàmì" kúrò lójú-ewé kẹrin. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò tí káfíńtà àti onídìrí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Ní ti máàkì méjì yẹn, mo ti dá a padà. Ó ní ó ti pẹ́ jù, òun ti gba oyè tán. Mo ní kó gbà á bẹ́ẹ̀.